Ẹrù Koríko fún Ẹ̀bútẹ́-Olókun

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé koríko ò já mọ́ nǹkan kan, ẹ ní kó wá bá mi. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Asher ọmọ Akínṣọlá fi tọ́jú èyí tó gbìn sẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkẹ́nẹ́. Koríko bahámà ni, èyí tó máa ń fà nílẹ̀, tí ewé rẹ̀ rí wínníwínní, tí wọ́n ń tẹ́ sórí pápá bọ́ọ̀lù. Asher a máa kúnlẹ̀ tu èpò inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, a máa so kẹ́ẹ̀gì méjì mọ́ kẹ̀kẹ́ lọ pọnmi odò sí i. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa bi í pé màlúù mélòó ló ń sìn gan-an, òun á sì máa tu èpò rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbà pé gbogbo àgbàlagbà tó bá ń gbàdúrà, olóòótọ́ ni. Ẹ ò rí i pé ọmọ náà ṣì kéré.

Lọ́dún 1998 yẹn, wọ́n ń kọ́ pápá ìṣeré tuntun sí Ẹ̀bútẹ́-Olókun, ìlú ńlá etí òkun tó jẹ́ pé òórùn ẹja àti iyọ̀ lèèyàn á kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí òrùlé. Ìjókòó ti dé ibẹ̀, iná ńláńlá ti dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ etí òkun, yanrìn lásán ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbin koríko sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbẹ. Bí Ẹnjiníà Afọláyan tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ṣe ń wá koríko kiri ilẹ̀ Rẹ́mọ nìyẹn, tí wọ́n fi júwe ẹ̀yìnkùlé Akínṣọlá fún un.

Ẹnjiníà bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí koríko náà lọ, ó rìn ín bọ̀. Ó pe Asher sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹrù ọkọ̀ kan ni mo kọ́kọ́ fẹ́, fún iwájú ilé góòlù méjèèjì. Àwọn ọ̀gá láti Àbújá ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Ajé, ó sì gbọ́dọ̀ ti fi ọjọ́ méjì jókòó dáadáa sílẹ̀. Tí ẹrù yẹn bá bá mi ní tútù lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo pápá di tìrẹ. Ìwọ ni wàá gbìn ín, ìwọ ni wàá máa tọ́jú rẹ̀. Yàrá kan wà lábẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, tìrẹ ni."

Inú Asher dùn débi pé kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ ká fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ láyé nìyẹn: kí koríko tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wà níbi tí ẹgbàágbèje èèyàn á ti máa wò ó, kí òun náà sì wà nítòsí rẹ̀, kí òun ní ilẹ̀kùn kan tí òun lè fọwọ́ ara òun tì. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, yàrá bàbá rẹ̀ ló ń gbá, aṣọ bàbá rẹ̀ ló ń fọ̀, ohùn bàbá rẹ̀ ló ń jí i.

Bàbá náà ńkọ́? Alàgbà Akínṣọlá ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jẹ́ olórí àwọn tó ń tọ́jú ọgbà nílé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọ wọn, kò sì sí ohun tí Asher mọ̀ nípa koríko tí kì í ṣe òun ló kọ́ ọ. Òun ló kọ́ ọ pé koríko tí èèyàn bá gé tòun ti ilẹ̀ ìdí rẹ̀, tó tò ó jọ lé ara wọn, kò gbọdọ̀ sùn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé e náà ló gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Tó bá sùn, ó ti kú.

Ọlọ́jọ́ ìsinmi ni wọ́n nílé yẹn. Bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ti parí títí oòrùn á fi wọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọn kì í tà, wọn kì í rà, wọn kì í dáná. Àwọn tó ń pa á mọ́ pọ̀ ní àdúgbò náà, ṣùgbọ́n ti Alàgbà le ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ti bá obìnrin kan wí níwájú ìjọ rí nítorí pé ó ká aṣọ kúrò lórí okùn nígbà tí òjò ń bọ̀. Asher kò bínú sí èyí. Òun náà gba ọjọ́ náà gbọ́ tọkàntọkàn.

Nígbà tó ròyìn ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà fún bàbá rẹ̀, bàbá náà jẹun tán, ó ṣanwọ́, ó ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á ṣe é." Asher mú un pé inú bàbá òun dùn.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Láti ìdájí ni Asher àti lébìrà mẹ́fà ti ń fi ṣọ́bìrì gé koríko náà ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, tóbi bí ẹní ìkírun kékeré, tí wọ́n ń tò ó sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ Yúnúsà ni, ọmọ Mákun ní Ṣàgámù, tí ìdílé wọn ti ń kó obì lọ sí Kánò látayé bàbá bàbá wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Ó fara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń wo ẹrù náà bó ṣe ń ga sí i.

Ó ní, "Asher, bí obì ni nǹkan yìí rí o. Ohun tó bá ń mí, téèyàn bá dì í pa, ooru ara rẹ̀ ló máa pa á. Obì tiẹ̀ sàn, a máa ń fewé tẹ́ agbọ̀n fún un, a sì máa ń tú u wò lójú ọ̀nà. Èyí ò léwé. Jẹ́ ká tètè máa lọ."

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà yẹn. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n máa lò dé Ẹ̀bútẹ́-Olókun. Ká tiẹ̀ ní ọ̀nà dí, kò lè ju márùn-ún lọ. Ibi tí Asher ti ń fi okùn di tapólì lé e lórí ni bàbá rẹ̀ ti jáde sí wọn tòun ti Bíbélì lábíyá, tó wọ kóòtù. Ó ní òun ń bá wọn lọ, òun ò lè jẹ́ kí ọmọ òun dá nìkan lọ síbi tó máa sọ ọ́ dèèyàn. Ó ní ká kọ́kọ́ gbàdúrà.

Àdúrà náà ò tán bọ̀rọ̀. Ó gbàdúrà fún táyà, ó gbàdúrà fún ẹ́ńjìnì, ó gbàdúrà fún Ẹnjiníà àtàwọn ọmọ rẹ̀, fún àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ àtàwọn tó máa jókòó wò wọ́n. Nígbà tó ṣe Àmín, ó ká tapólì sókè, ó fọwọ́ kan koríko, ó ní ó ti ń gbẹ, kí wọ́n sọ ìpele mẹ́ta kalẹ̀ kí wọ́n tún bomi rin ín. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa tò ó padà, aago kan ti lù.

Alàgbà wá yíjú sí Yúnúsà. Ó ní, "Jímọ̀ rẹ ńkọ́?"

"Mo lè kírun tí a bá dé oríta Ìntaséńjì, Alàgbà. Onírìn-àjò ni wá, kò sí láburú níbẹ̀."

"Rárá o. Mi ò ní í gbọ́ ọ sétí pé nítorí tèmi lẹnìkan ò ṣe lọ sílé Ọlọ́run rẹ̀. Lọ kírun, a máa dúró dè ọ́."

Asher wo bàbá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì kún. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé àgbàlagbà wo ló tún kù tó ń ro ti ẹ̀sìn ẹlòmíì báyìí. Ó bomi sórí koríko, ó jókòó sábẹ́ ọkọ̀, ó ń dúró.

Aago mẹ́ta ku díẹ̀ ni wọ́n tó gbéra. Bí wọ́n ṣe wọ Ṣàgámù, Alàgbà ní kí Yúnúsà yà ní Ibido, arábìnrin kan nínú ìjọ ń ṣàìsàn níbẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ẹ̀yin náà mọ ìṣẹ́jú márùn-ún àwọn àgbà. Ó ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ. Asher wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ọjọ́ ń lọ." Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ aláìsàn náà mú, ó ní, "Ṣé koríko wá ṣe pàtàkì ju èèyàn lọ ni?" Ojú ti Asher, ó jáde. Aláìsàn náà fúnra rẹ̀ ló pàpà sọ pé ẹ máa lọ, Alàgbà, mo fẹ́ sùn.

Oòrùn ti ń pọ́n nígbà tí wọ́n dé Ìntaséńjì Ṣàgámù. Ọkọ̀ epo tò lọ súà níbẹ̀ nítorí ọ̀wọ́ngógó, àwọn awakọ̀ ń bú ara wọn, àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti ẹyin ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Yúnúsà fọgbọ́n rá pálá kọjá láàárín wọn. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí etí òkun ni Alàgbà fọwọ́ kan sítíárì.

"Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oòrùn ti wọ̀."

Yúnúsà yà. Ó rò pé bàbá náà fẹ́ tọ̀ ni. Alàgbà na ọwọ́ sí i, ó ní kó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ta ló máa ń bá bàbá ẹni tó háyà ọkọ̀ du kọ́kọ́rọ́? Ó mú un fún un. Alàgbà jù ú sápò kóòtù, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi."

Asher kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ó sáré yí iwájú ọkọ̀ po, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Yúnúsà nìkan máa gbé e lọ. Àwa méjèèjì á padà sílé. Àwọn lébìrà Ẹnjiníà ló máa tẹ́ ẹ. Mi ò ní fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin náà ò ní fọwọ́ kàn án."

"Koríko ta ni?"

"Tiwa ni, sà."

"Ilẹ̀ ta ló ti hù?"

"Tiyín ni, sà."

"Òfin ní kí ọ̀sìn mi má ṣiṣẹ́, kí àlejò tó wà nínú ibodè mi má ṣiṣẹ́. Kí ni n óò sọ fún Ọlọ́run nípa Yúnúsà?"

Yúnúsà wúkọ́. Ó ní, "Alàgbà, èmi ò sí nínú ibodè yín o, ọmọ Mákun ni mí."



Asher ò dìde. Ó ní Olúwa fúnra rẹ̀ ṣáà sọ pé tí màlúù èèyàn bá já sí kòtò lọ́jọ́ ìsinmi, kó fà á jáde. Alàgbà wò ó lókè lódò, ó ní, "Koríko kì í ṣe màlúù," ó sì lọ wá ibi tó máa jókòó sí.

Ohun tí ojú Asher rí lọ́jọ́ kejì, kí Ọlọ́run má fi irú ẹ̀ hàn wá. Abẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì ni Alàgbà jókòó sí, tó ń ka Bíbélì sókè, tó ń kọrin ìjọ. Àyè wà níbẹ̀, òjìji igi náà gbòòrò, téèyàn bá sọ gbogbo koríko náà kalẹ̀ tó tẹ́ ẹ lọ rẹrẹẹrẹ, kì bá tí kú. Asher ki ọwọ́ bọ àárín ẹrù náà láago mẹ́jọ, ó gbóná bí ìdí ìkòkò. Nígbà tó ki í bọ̀ ọ́ láago mọ́kànlá, kò lè fi ọwọ́ náà síbẹ̀ pẹ́. Oòrùn ọ̀sán wá bọ́ sórí tapólì, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí òórùn ewé tó jẹrà lábẹ́ àkìtàn. Àwọn awakọ̀ tó ń kọjá ń bi í pé kí ló kú síbẹ̀.

Kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tú okùn, ó di ẹyọ kan mú lọ́wọ́ méjèèjì.

Alàgbà ò gbójú sókè kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Tí o bá gbé ìyẹn kalẹ̀, má pè mí ní bàbá mọ́. Má sì pe Ọlọ́run mi ní Ọlọ́run rẹ."

Asher dúró sórí ọkọ̀ tòun ti koríko lọ́wọ́. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, gbogbo àwọn tó ń ta búrẹ́dì sì ń wò ó, géńdé ọkùnrin tó ń sunkún nítorí koríko. Lẹ́yìn náà ló dá a padà síbi tó ti mú un. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó ti bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi, ó sì bá a gbe orin náà.

Nígbà tí oòrùn wọ̀ tán, Alàgbà kúnlẹ̀ kádìí ọjọ́ ìsinmi, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde lápò. Wọ́n tú ẹrù. Gbogbo àárín rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, èéfín ń jáde lára rẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún kan ó lé, ẹyọ méjìdínlógójì tó wà létí níta nìkan ló ṣì ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Alàgbà fẹsẹ̀ yí ọ̀kan wò. Ó ní, "Ọlọ́run ló fúnni, Ọlọ́run ló gbà," ó sì wọ ọkọ̀ mìíì padà sí Ìkẹ́nẹ́, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Yúnúsà fún Asher ní búrẹ́dì, kò jẹ ẹ́. Asher ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú sí bàbá mi. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni. Tó bá jẹ́ nítorí Ọlọ́run ni koríko yẹn fi kú, mo fara mọ́ ọn."

Yúnúsà ń fi ìka yọ ẹrẹ̀ lábẹ́ bàtà. Ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó wù mí kí a lọ bẹ Ẹnjiníà lọ́la. Mi ò ní gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ."

Bí wọ́n ṣe gbé ẹyọ méjìdínlógójì yẹn lọ sí Ẹ̀bútẹ́-Olókun láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Asher fi àpò tútù bò wọ́n, ó gbé méjì lé itan. Ọ̀rọ̀ tó máa sọ ló ń há sórí lójú ọ̀nà: pé ọjọ́ ìsinmi ló bá wọn lójú ọ̀nà, pé kí Ẹnjiníà fún òun lọ́jọ́ mẹ́ta, pé koríko ṣì kù lẹ́yìnkùlé tí òun lè gé.

Wọ́n wọ pápá náà láti ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ yanrìn ń gbà. Ìjókòó funfun yí i ká, ó lọ sókè bí ẹni pé kò ní í dúró, afẹ́fẹ́ òkun sì ń fẹ́ wọlé láti apá kan. Asher ò rí ìkankan nínú gbogbo ìyẹn. Iwájú ilé góòlù ló ń wò. Koríko ti wà níbẹ̀. Ó ti wà ní iwájú ilé góòlù kejì náà, tútù minimini, ó ti jókòó dáadáa, àwọn èèyàn kan tí kò mọ̀ rí sì ti ń tẹ́ òmíràn lọ sí àárín pápá.

Ẹnjiníà Afọláyan rí wọn, ó wá bá wọn, inú rẹ̀ sì dùn. "Asher! Ṣé o wá kí wa ni? Ẹ kú oríire o."

"Oríire kí ni, sà?"

"Ìyàwó tí o fẹ́ gbé. Bàbá rẹ ló sọ fún mi."

Yúnúsà ló bá Asher béèrè pé ìgbà wo ni Alàgbà bá Ẹnjiníà sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́rú. Ó lọ fóònù láti Ṣàgámù. Ó ní Asher ti yí ọkàn padà, pé ó fẹ́ gbéyàwó, ó fẹ́ dúró sílé, pé kí n má bínú kí n wá koríko síbòmíì kó má di pé ìtìjú bá mi níwájú àwọn ọ̀gá. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ó tètè sọ. Ó tiẹ̀ gbàdúrà fún mi lórí fóònù." Ó wo àpò tútù tó wà lórí itan Asher. "Kí nìyẹn?"

Ọjọ́rú. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tó gé koríko. Ẹ bá mi kà á: ọjọ́ méjì kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀ ni bàbá náà ti pa iṣẹ́ yìí. Gbogbo àdúrà yẹn, Jímọ̀ yẹn, aláìsàn Ibido yẹn, orin abẹ́ igi yẹn, ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹrù náà. Ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gé e, ó jẹ́ kó tò ó, ó sì jókòó tì í títí ó fi jẹrà.

Ẹnjiníà náà sọ̀rọ̀ sókè sódò nígbà tó gbọ́ bó ṣe jẹ́, ó káàánú, ṣùgbọ́n ó ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ẹlòmíì. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n gba abẹ́ ìjókòó kọjá. Ilẹ̀kùn yàrá kan ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, ẹní ẹnìkan wà nílẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ẹnìkan wà lára ìṣó. Asher dúró wò ó díẹ̀. Yúnúsà fà á lápá.

"Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà," Yúnúsà wí nígbà tí wọ́n ti wọkọ̀, "inú ilé laṣeni ń gbé. Mi ò mọ̀ pé inú ilé Alàgbà náà ló ń gbé." Ó fi ọwọ́ nu ojú, nítorí pé ó káàánú ọmọ náà dénú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Asher délé. Ẹ̀yìnkùlé ló bá bàbá rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti hó koríko kúrò. Ó ti kọ ebè mẹ́rìnlá síbẹ̀, ó ń ki igi pákí bọ̀ ọ́.

Ó ní, "O dé. Ọkọ́ kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."

"Ẹ fóònù ní Ọjọ́rú."

Alàgbà ki igi pákí kan sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀. Kò sẹ́. Mo ní láti fi ìyẹn yìn ín, kò purọ́. Ó ní, "Mo fóònù."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi ní kí n má lọ?"

"Ṣé o máa gbọ́ ni? Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n gbọ́? Ìmọ́lẹ̀olúwa lọ, mo ní kó má lọ. Pamílẹ́rìn lọ, mo sunkún fún un, ó lọ. Nígbà tí ìyá yín kú, àwa méjì la gbẹ́ ilẹ̀, lẹ́tà ni wọ́n kọ. Ìwọ nìkan ló kù tó ń bomi gbígbóná fún mi. Kí n wá jókòó sínú ilé yìí kí n máa wo ògiri, nítorí bọ́ọ̀lù?" Ó bẹ̀rù, ojú rẹ̀ sì fi hàn.

"Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ ká gé e? Kí ló dé tí ẹ fi gbé mi dé Ìntaséńjì?"

Bàbá náà nàró díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ ti ìbàdí. Ó ní, "Tó bá jẹ́ èmi ni mo ní kí o má lọ, o máa kórìíra mi. Tó bá jẹ́ Ọlọ́run ló ní kí o má lọ, o máa gbà." Ó wò ó. "O ṣáà gbà lọ́jọ́ náà. O bá mi gbe orin."

Asher lọ mú ọkọ́ kejì. Òun náà kọ ebè títí ilẹ̀ fi ṣú.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, kò yí nǹkan kan padà. Ó bomi gbígbóná, ó fọṣọ, ó gbálẹ̀. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣàwàdà, ó sọ ìtàn ìgbà èwe fún un, ó jẹun yó. Lójú tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọjọ́ ìsinmi dé, àkókò ẹ̀rí dé nínú ìjọ. Alàgbà Akínṣọlá dìde. Ó ròyìn bí oòrùn ṣe wọ̀ mọ́ wọn lójú ọ̀nà, bí èṣù ṣe ní kí wọ́n máa lọ, bí wọ́n ṣe jókòó tí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta fi jóná lójú wọn nítorí àṣẹ Ọlọ́run. Àwọn obìnrin ń sunkún. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà níwájú ń mi orí. Pásítọ̀ ní kí Asher jáde wá, pé irú ọmọ báyìí ò pọ̀ mọ́ lóde òní, kí bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e kó súre fún un.

Asher kúnlẹ̀. Alàgbà gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó di ojú. Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó sì wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an: "Olúwa, Asher kò ní kúrò lọ́dọ̀ mi. Etí òkun kò ní gbà á, ìlú òkèèrè kò ní gbà á. Kò ní fi ilé mi sílẹ̀ títí yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin mí."

Gbogbo ìjọ ní Àmín. Àdúrà gidi ni, bàbá wo ni kò ní fẹ́ kí ọmọ sin òun? Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún kò tíì dáhùn, bàbá kì í sì í gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọ tí kò tíì ṣe Àmín. Alàgbà dúró. Pásítọ̀ dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ tí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń na ọrùn.

"Àmín, Bàbá," Asher wí, ohùn rẹ̀ já gaara dé ẹnu ọ̀nà. "Kí Ọlọ́run jẹ́ kó tètè ṣẹ."

Àwọn kan ti sọ Àmín kejì kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe Àmín sí. Ìyókù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú Alàgbà. Ọwọ́ Alàgbà ṣì wà lórí ọmọ rẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí mọ́. Asher fi sùúrù gbé ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ fún un, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀ nù, ó padà sídìí bẹ́ǹṣì wọn, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè bàbá rẹ̀, ó ń dúró dè é.